Connexin 43 àti Ìṣesí Astrocyte Lẹ́yìn Ìpalára Ọpọlọ

Lójú títì Àpápá, tírélà tó ru kọ̀ńténà jáde láti èbúté Tin Can Island, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ẹlẹ́sẹ̀ ló jọ ń du ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá forí sọlẹ̀ ní àdúgbò yìí gbọ́dọ̀ la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kọjá kó tó dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí ìkọlù náà fà. Èkejì máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, àní ọjọ́ pàápàá: ọpọlọ á wú, potásíọ̀mù àti glutamate á kún àyè àárín sẹ́ẹ̀lì, neuron, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ, tí ìkọlù kò pa yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Astrocyte, sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tó ń bọ́ neuron, tó sì ń palẹ̀ mọ́ fún un, ló ń kojú wàhálà yìí. Kì í dá a kojú: ihò tí purotéènì connexin kọ́ ló so ó mọ́ àwọn astrocyte yòókù.

Connexin mẹ́fà ló ń para pọ̀ di ihò kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Bí ihò sẹ́ẹ̀lì méjì bá kojú síra tí wọ́n so pọ̀, gap junction dé nìyẹn. Connexin 43 ló gbapò iwájú lára astrocyte, connexin 30 tẹ̀ lé e. Bí ilé face-me-I-face-you ní Ajégúnlẹ̀ tó múlé ti Àpápá ni: omi àti iyọ̀ ń ti yàrá dé yàrá, ṣùgbọ́n èéfín iná náà mọ ọ̀nà ọ̀hún. Nathalie Rouach, Christian Giaume àti ẹgbẹ́ wọn ní Paris fi hàn ní ọdún 2008 pé glucose ń gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ neuron tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn.

Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 1998, Lin, Nedergaard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lè fi ikú ran aládùúgbò rẹ̀ láti ojú gap junction. Ní 2003, Nakase, Fushiki àti Naus rí òdìkejì: eku tó ní ẹyọ kan péré nínú jíìnì connexin 43 méjì, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ rẹ̀, ibi tó kú níbẹ̀ tóbi ju ti eku tó pé lọ. Lójú tèmi, kò sí èyí tó ṣìnà nínú wọn. Ọ̀tọ̀ ni ihò tó ti so pọ̀ mọ́ ẹnìkejì, ọ̀tọ̀ ni ààbọ̀ ihò tó ṣí síta láìní ẹnìkejì. Lẹ́yìn ìpalára, ààbọ̀ ihò yìí a máa ṣí gbayawu, ATP á máa jò jáde, á sì ta microglia, sẹ́ẹ̀lì aṣọ́bodè ọpọlọ, jí. Wíwú ọpọlọ á wá le sí i. Connexin 43 tún ń darí bí astrocyte ṣe ń pọ̀ sí i, tó sì ń rìn lọ sí etí ọgbẹ́ láti di àpá.

Nítorí náà, oògùn tó bá ti gbogbo ọ̀nà pa kò lè tó wa lò. Èyí tí kò kan 43 náà kò ràn wá lọ́wọ́: quinine tí àwọn bàbá wa fi wo ibà ń dí connexin 36 àti 50, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 43 rárá. Gap19, pépútáìdì oní-amino acid mẹ́sàn-án, ló sún mọ́ ohun tí a ń wá: ó ń ti ààbọ̀ ihò connexin 43, ó sì ń fi gap junction sílẹ̀. Ní Auckland, irú pépútáìdì mìíràn dín gìrì kù nínú ọpọlọ ọmọ inú oyún àgùntàn tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ́n fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi sí i.

Ní Ìbàdàn, níbi tí Látúndé Odeku ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní 1962, James Olopade àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ astrocyte wò nínú ọpọlọ eku tí vanadium bà jẹ́. Ọwọ́ àti ojú tó mọ iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Connexin 43 nínú orí tó kọlu ilẹ̀, ní wákàtí kìíní, ìkẹta àti ìkẹfà, ló yẹ kí wọ́n gbé sábẹ́ mákirósíkóòpù wọn báyìí, torí inú wákàtí wọ̀nyẹn ni aláìsàn Àpápá ṣì wà lójú ọ̀nà.