Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC: Ibi Tí Ọmọ Yorùbá Ti Ń Kọsẹ̀, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Un

Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, ilẹ̀ ti ṣú ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama kí bébà ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù ni àwọn mìíràn fi kọ àròkọ tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ lójúmọmọ. Àjọ WAEC tọrọ àforíjì, wọ́n ní akitiyan àwọn pé kí ìbéèrè má baà jò síta ni ó fa ìdádúró náà. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kẹjọ, ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àjọ náà dá èsì yìí dúró. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ mélòó kan, àti pé ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu ni wọ́n fi ṣe máàkì Bébà Kẹta nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn àtúnṣe, ìdá náà gòkè dé 62.96.

Ẹni tí kò bá ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ariwo fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ni pé láti A1 títí dé C6 ni àwọn fásitì ń kà sí yíyege gidi. D7 àti E8 kò tó, F9 sì ni ìjákulẹ̀. Ọmọ lè gba A1 nínú kẹ́mísírì àti fisíìsì, ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá jẹ́ D7, ẹnu ọ̀nà fásitì ni yóò dúró sí. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti san owó ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí iṣẹ́ kan yìí nìkan.

Ọdún 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà, Gánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sí. Bébà Kìn-ín-ní jẹ́ ìbéèrè 80 tí wọ́n ti kọ ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Wákàtí kan ni, máàkì 40. Bébà Kejì ni àròkọ, àkàyé àti sísọ ọ̀rọ̀ ní sókí. Wákàtí méjì, máàkì 100. Bébà Kẹta ni ti ìró ohùn, ìbéèrè 60, ìṣẹ́jú 45, máàkì 30. Ní Gánà, Sàró àti Gáńbíà, ètí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó dáhùn Bébà Kẹta. Ní Nàìjíríà àti Làìbéríà, orí ìwé ni gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sọ gbólóhùn kan jáde lẹ́nu, síbẹ̀ bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dán wò.

Bébà Kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń sọ máàkì nù láìmọ̀. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ń lò gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n ní 20, méjìlá dúró lásán, mẹ́jọ yòókù ń yí láti ohùn kan sí òmíràn. Nítorí náà, etí Yorùbá máa ń kó fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì méjì tàbí mẹ́ta sínú àpò kan. "Ship" àti "sheep" di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni "pull" àti "pool". "Cut" àti "cot" àti "caught", ọ ni gbogbo wọn. Nínú ìdánwò, àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọn yóò ní kí ọmọ mú èyí tí ìró rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàlà sí mu. Ẹni tí ó bá fi etí ilé dáhùn yóò rí ìdáhùn mẹ́ta tí ó tọ̀nà.

Ti kọ́ńsónáǹtì hàn gbangba nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti yá láti ọjọ́ pípẹ́. "Church" di ṣọ́ọ̀ṣì, "teacher" di tísà, nítorí pé ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ "church" kò sí nínú èdè wa. "Stove" di sítóòfù, "v" rẹ̀ sì di "f". "Methodist" di Mẹ́tọ́díìsì, "th" di "t". "Paper" fúnra rẹ̀ di bébà, "shop" di ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé "p" ti Yorùbá kì í ṣe "p" ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ètè àti àfàsé ni a jọ fi ń pe tiwa. Kò sí àbùkù nínú èyí, gbogbo èdè ni ó ń tún ohun tí ó bá yá rọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan: kí ọmọ kọ ogún ọ̀rọ̀ àyálò sílẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti wá, kí ó sì fàlà sí ibi tí ìró ti yí padà. Àwọn ibi tí ó bá fàlà sí ni ìdánwò yóò ti dẹ pańpẹ́ fún un. Ọmọ tí ó ti agbègbè Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn wá, tí "s" àti "ṣ" máa ń dàrú mọ́ lẹ́nu, ní iṣẹ́ kan sí i láti ṣe lórí "sip" àti "ship". Àwọn tí "h" máa ń bọ́ sọnù lẹ́nu wọn, tí ó sì tún máa ń yọjú níbi tí a kò pè é sí, ní tiwọn náà.

Lẹ́yìn ìró, ìtẹ̀mọ́ sílébù ni ó kàn. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́tà ńlá ni ìdánwò fi ń tọ́ka sí i: "PHO-to-graph", "pho-TO-gra-pher", "pho-to-GRA-phic". Ọ̀rọ̀ tí ó bá parí sí "-tion" tàbí "-ic" sábà máa ń ní ìtẹ̀mọ́ ní sílébù tí ó ṣáájú ìparí yẹn, bí "e-du-CA-tion". Èyí tí ó parí sí "-ee" tàbí "-eer" sì sábà máa ń gbé e sórí ìparí náà, bí "en-gi-NEER". "Record" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bí a bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀-ìṣe bí a bá tẹ ìparí rẹ̀.

Etí Yorùbá kò ṣàì mọ ìtẹ̀mọ́ yìí. Nígbà tí a yá ọ̀rọ̀, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni a sábà máa ń fún ní ohùn òkè, tí èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sì wálẹ̀. Ẹ wo tísà, ẹ wo kọ̀ǹpútà: "pú" ni ohùn òkè wà, "com-PU-ter" sì ni Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá kíyè sí èyí ti ní àtẹ̀gùn kan tí yóò gbà gòkè. Kò yẹ kí ó gbọ́kàn lé e pátápátá ṣá o, nítorí pé a ti gbé àwọn kan sí ibi tí kò yẹ. "MAIN-te-nance" ni ó tọ̀nà, kì í ṣe "main-TE-nance" tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan. "CHAL-lenge" ni, kì í ṣe "chal-LENGE".

Apá kan wà nínú Bébà Kẹta tí ó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì yẹ kí ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá jù lọ. Wọn yóò kọ gbólóhùn kan, wọn yóò fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, wọn yóò sì béèrè pé ìbéèrè wo ni gbólóhùn náà ń dá lóhùn. Bí àpẹẹrẹ: "The TEACHER bought a new car." Yorùbá ti ní irinṣẹ́ fún èyí, ọ̀rọ̀ kékeré náà ni "ni". "Olùkọ́ ni ó ra ọkọ̀ tuntun." Bí ọmọ bá ti sọ ọ́ báyìí nínú ọkàn rẹ̀, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ dárúkọ ẹlòmíràn: "Did the principal buy a new car?" Bí ó bá jẹ́ CAR ni wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, "ọkọ̀ ni olùkọ́ rà" ni yóò jẹ́, ìbéèrè náà yóò sì dá lórí nǹkan mìíràn tí olùkọ́ lè rà.

Ní ti àròkọ, ọ̀kan nínú orí ọ̀rọ̀ márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 450. Máàkì 50 ni: 10 fún ohun tí ó sọ, 10 fún ètò, 20 fún bí ó ṣe lo èdè, 10 fún àìṣàṣìṣe. Ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí olùyẹ̀wò bá fi òbìrí yí ká ń jẹ nínú mẹ́wàá ìkẹyìn yìí, nítorí náà ogún àṣìṣe ti tó láti gbá a dànù. Ètò lẹ́tà kò le: àdírẹ́sì kan fún ọ̀rẹ́, méjì fún ọ̀gá ilé iṣẹ́, pẹ̀lú àkọlé àti "Yours faithfully". Èdè ni ó le.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe àìmọ̀wé. Yorùbá tí ó dán mọ́rán ni, tí wọ́n wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún. "Yá" ni ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà jọ ń lò ní èdè wa, nítorí náà ọmọ á kọ "Borrow me your pen" níbi tí "lend" yẹ. A máa ń gbọ́ òórùn, ọmọ á sì kọ "I heard the smell". A fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa á sì kọ "My father said they are coming", olùyẹ̀wò á sì máa wá àwọn èrò tí ó ń bọ̀. "Ó" kò mọ akọ mọ abo, nítorí náà ìyá di "he" ní àárín ìtàn. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà nígbà tí ó bá pọ̀, "àwọn" ni a ń fi ṣáájú. Nígbà tí ọmọ bá wá kọ́ pé "s" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ̀pọ̀, á fi sí ara "furniture", "information" àti "equipment" tí kò gbà á. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà pẹ̀lú àsìkò: lọ, ti lọ, yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn àná fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "went" tí á sì parí pẹ̀lú "go".

Ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò ni kí wọ́n fi owó ìtanràn tàbí pàṣán lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń ṣe ọmọ láǹfààní ni kí olùkọ́ gbé gbólóhùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì fi hàn án ibi tí wọ́n ti yapa.

Àkàyé gba máàkì 20, sísọ ọ̀rọ̀ ní sókí gba 30. Nínú àkàyé, ọ̀rọ̀ tí a bá fi rọ́pò òmíràn gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba ní iye àti ní àsìkò: "abandoned" kò lè di "leave". Nínú sísọ ọ̀rọ̀ ní sókí, gbólóhùn kíkún kan fún kókó kan ni. Ẹni tí ó bá da ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kọ gẹ́lẹ́ yóò pàdánù máàkì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá fi àpẹẹrẹ àti àlàyé kún un.

Ìgbáradì tí ó ń so èso kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì ìkẹyìn. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó ń fi àmì ìró hàn kò ṣeé mánìí. Èyí tí A. S. Hornby dá sílẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé Oxford gbé jáde ní ọdún 1948, ṣì wà lórí àtẹ àwọn òǹtàwé, wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́, kí ọmọ pè é sókè, kí ó kọ àmì rẹ̀, kí ó fàlà sí ibi tí ìtẹ̀mọ́ wà. Àròkọ kan lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú aago níwájú: àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ìlànà WAEC yàn fún un, ọgbọ̀n fún àkàyé, ogójì fún sísọ ọ̀rọ̀ ní sókí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé ni ó ti lo wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí àròkọ, tí sókí sì ṣófo. Ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá wúlò bí ọmọ bá ń wádìí ìdí tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi tọ̀nà. Bí ó bá ń kọ́ lẹ́tà A, B, C, D sórí nìkan, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Fún ẹni tí ó bá já, ìdánwò ti àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ mọ́ ṣì wà. Láti ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni WAEC ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà: ojú ẹ̀rọ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mú ìdáhùn nínú Bébà Kìn-ín-ní àti Ìkẹta, ojú ẹ̀rọ ni ìbéèrè àròkọ náà ti ń hàn, ṣùgbọ́n bíírò àti ìwé ni yóò fi kọ ọ́.