Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé: Ìtàn Tó Yẹ Kí A Gbọ́ Kí A Tó Ra Òròmọdìẹ Ọdún Yìí

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún báyìí ni ọ̀pọ̀ yín máa ń bi wá léèrè pé: adìẹ mélòó ni kí n rà? Ìgbà wo ni kí n rà á? Kí ni mo lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ náà? Ẹlòmíràn tó ń béèrè kì í ṣe ẹni tó fi adìẹ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Tíṣà ni, télọ̀ ni, awakọ̀ ni, tàbí ìyá àgbà tó kàn fẹ́ kí ohun abẹ̀mí máa rìn káàkiri àgbàlá òun. Ìwé ọ̀sẹ̀ yìí kan irú wọn náà. Kí a tó dé orí oúnjẹ àti oògùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn díẹ̀, nítorí pé ohun tó ń pa adìẹ yín lónìí ti pa adìẹ àwọn tó ṣáájú yín, a sì mọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn.

Adìẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Awó ni tiwa. Inú igbó ilẹ̀ Éṣíà ni baba ńlá adìẹ ti wá. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń rìn bí ìyàwó ojú ọ̀nà lágbàlá yín, Gúúsù Amẹ́ríkà ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tòlótòló àti àgbàdo tí gbogbo wọn ń jẹ náà ti òkè òkun Amẹ́ríkà wá. Ṣùgbọ́n adìẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa gan-an. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ wo ìtàn ti rí egungun rẹ̀ ní Kirikongo, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, tó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ nínú ilẹ̀. Àwa náà ò gbàgbé rẹ̀ nínú ìtàn tiwa: nígbà tí wọ́n ní Odùduwà sọ̀ kalẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan iyẹ̀pẹ̀ káàkiri orí omi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la ṣì máa ń rí adìẹ ìbílẹ̀ tó ní ọmọ ìka márùn-ún lẹ́sẹ̀ kan. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má tètè pa á jẹ.

Báwo ni àwọn àgbà wa ṣe ń sin adìẹ? Wọn kì í ra oúnjẹ fún un. Ìdí ọlọ ni adìẹ ti ń jẹ èérí, ìdí ààtàn ló ti ń tan ilẹ̀ wá kòkòrò, àwọn ọmọdé a sì máa wa ikán wá fún òròmọdìẹ. Àgbébọ̀ a yé ẹyin bíi mẹ́jọ sí méjìlá, a sàba lé e fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, a pa á, àwòdì a gbé díẹ̀, èyí tó kù a dàgbà. Ẹni tí kò ní adìẹ rárá lè gba adìẹ sìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá pamọ, wọn a pín ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ kíyè sí èyí: kí òyìnbó tó kọ òfin ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ ni àwọn baba wa ti mọ bí aláìní ṣe lè di olówó adìẹ láìyá owó èlé. Ààtàn yẹn kan náà ni ọgbà wọn. Ibẹ̀ ni gbọ́rọ̀ ti ń fà, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù láìgbìn, nítorí pé ìgbẹ́ adìẹ àti eérú ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ọlọ́ràá.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, tí wọ́n dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn sílẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà ní 1910, tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ní 1921, kì í ṣe adìẹ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Òwú, kòkó àti ekùrọ́ tí ọkọ̀ ojú omi lè kó lọ ni wọ́n ń wá. Adìẹ jẹ́ ohun ẹ̀yìnkùlé, ohun obìnrin, wọn ò sì kà á kún. Nígbà tó yá, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, tó fi mọ́ ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n kó àkùkọ òyìnbó bíi Rhode Island Red wá kí ó máa gun àgbébọ̀ ìbílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n sàba dáadáa mọ́, wọn ò sì mọ àwòdì í sá fún. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni àṣìṣe tó ń bá wa fínra títí dòní ti bẹ̀rẹ̀: kí a mú ẹyẹ tuntun wálé ká tó mọ ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò pa á.

Ohun tí yóò pa á náà ò sì jìnnà. Láàárín oṣù Kejìlá 1952 sí oṣù Kejì 1953, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín adìẹ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Adìẹ á dúró sójú kan, á wú ìyẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á máa ya ẹnu mí, ọrùn ẹlòmíràn á lọ́ sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ agbo á ti ṣófo. Àwọn dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 1926 nílùú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní erékùṣù Java, ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wáyé ní Nàìjíríà. Àrùn tí ẹ̀yin ń pè ní lúkúlúkú nìyẹn.

Ẹ tún oṣù wọ̀nyẹn kà: oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọyẹ́ ló pa adìẹ àwọn, tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n. Kì í ṣe ọyẹ́ nìkan o, kì í sì í ṣe ayé. Àsìkò ọdún Kérésì àti ọdún tuntun ni àgò adìẹ ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Alájàpá á ko adìẹ láti abúlé márùn-ún papọ̀ sínú àgò kan. Èyí tí kò tà, á gbé e padà sílé, á tú u sílẹ̀ sáàárín tirẹ̀. Àrùn náà ń bá ìgbẹ́, itọ́, àgò, àti bàtà ẹsẹ̀ wa rìn. Otútù òru àti eruku wá ń ṣe ìyókù fún ẹyẹ tí ara rẹ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ló ń ṣe oògùn àjẹsára rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ àgíríkì mọ̀ wọ́n: èyí tí a ń kán sójú òròmọdìẹ, LaSota tí a ń pò mọ́ omi, àti Komarov tí a ń gún. Ìṣòro ẹni tó ní adìẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni pé ìgò kan lè tó igba adìẹ, ìgò tí a bá sì ti ṣí, ọjọ́ náà gan-an la gbọ́dọ̀ lò ó tán. Oògùn náà kò tún fẹ́ ooru. Iná ò sì sí níbi púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Spradbrow ní Yunifásítì Queensland, Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, tó lè fara da ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kán kan sójú, lóṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó tó fún adìẹ ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lèyí o. Kí ẹgbẹ́ yín mú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, kí wọ́n dáwó ra ìgò kan tàbí méjì, kí wọ́n ti ilé dé ilé láàárọ̀ kùtù kí adìẹ tó jáde. Iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè tó owó adìẹ kan ṣoṣo tó kú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìletò àgbẹ̀ ní nǹkan bí 1959, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé jọ sí oko bíi ti Ìlọrà. Adìẹ wà lára ohun tí wọ́n ń sìn ní àwọn kan nínú wọn. Ní 1963 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Livestock Feeds sílẹ̀ ní Ìkẹjà, oúnjẹ adìẹ sì di ohun tí a ń rà nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé.

Ní 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation jáde. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ò lè sọ ọ́ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba di alágbàlá adìẹ. Ẹni tí kò ju adìẹ kan jẹ rí lọ́dún ń kó àádọ́ta òròmọdìẹ sínú gáréèjì, ewédú àti àgbàdo hù níbi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀. Ètò tó dára ni, n kò bá wọn bú u. Ẹyin pọ̀ lójú ọjà, ọ̀pọ̀ ọmọ sì jẹ ẹyin nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó ń bọ́ adìẹ wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òròmọdìẹ àti ẹyin tí wọ́n ń pa.

Nígbà tí owó epo já, tí ìjọba fòfin de kíkó àgbàdo wọlé ní 1985, tí SAP sì dé ní 1986, tí náírà já lulẹ̀, adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Owó oúnjẹ fò sókè ju owó ẹyin lọ. Àwọn ilé adìẹ ńláńlá tì pa, àgánrándì ilé adìẹ tí kò ní ẹyẹ kan nínú sì kún ẹ̀bá títì wa. Ta ni kò tì? Ìyá tó ní àgbébọ̀ méje, tó ń fi èérí ògì àti ewé gbúre bọ́ wọn. Èyí ni ibi tí ìtàn yìí ti wù mí jù. Ní 1989, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn pé jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí adìẹ abúlé. Adìẹ tí ìjọba òyìnbó ò kà kún wá di ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń jókòó lé lórí. Wọ́n rí i pé adìẹ abólọ́rùn àti òpìpì, tí ẹ̀yin kì í fẹ́ rà lọ́jà nítorí pé wọn ò lẹ́wà, ń fara da ooru ju elòmíràn lọ.

Àrùn mìíràn tún dé ní oṣù Kejì 2006: àìsàn èyí tí wọ́n ń pè ní bird flu. Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ó tún padà wá ní 2015. Òun náà, ìgbà ọyẹ́ ló wọlé. Nítorí náà, bí adìẹ bá kú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ pe dókítà ẹran.

Ó wá kù sí ọdún tiyín yìí. Bí ẹ bá fẹ́ sin adìẹ ẹlẹ́yin ogún péré, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó gíráàmù 120 lójúmọ́. Ogún rẹ̀ á jẹ kílò méjì àti díẹ̀ sí ààbọ̀. Àpò oúnjẹ kílò 25 kò ní pé ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́dún kan, àpò 35 ni. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni àgbàdo, èyí tó jẹ́ bí kílò 440. Ẹni tó bá ní ìdá mẹ́rin hẹ́kítà kan, tí òjò sì dára, lè rí i lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó yáa dín adìẹ rẹ̀ kù sí mẹ́wàá, tàbí kó mú adìẹ tó lè jẹ̀ fúnra rẹ̀: ti ìbílẹ̀, tàbí Noiler tí wọ́n ń pa ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tàbí FUNAAB Alpha ti Abẹ́òkúta.

Ìmọ̀ràn mi nípa àkókò ni pé kí ẹ ra òròmọdìẹ ẹlẹ́yin ní oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ bá ń múra àti gbin àgbàdo òjò àkọ́kọ́. Oṣù márùn-ún ni kó tó yé. Oṣù Kẹjọ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni àgbàdo titun máa ń pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àkàrà ẹ̀pà tó bu tí wọ́n fi bọ́ wọn, àgbàdo tó bu sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún adìẹ yín.

Ní ti ọgbà, ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́, á jó o. Ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, ẹ bò ó fún bí oṣù méjì. Ìgbẹ́ tí ẹ bá kó jọ láti oṣù yìí, á ti ṣeé lò kí òjò tó rọ̀. Ẹ ṣọgbà yí ibẹ̀ ká kí ẹ tó gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá àti ewédú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, adìẹ ni yóò kọ́kọ́ kórè. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn tó dájú lè béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tó wà ní Ìbàdàn láti 1975. Ewé tí ó bá ti gbó jù fún ọbẹ̀, ẹ so ó mọ́ ara ògiri ilé adìẹ ní ìwọ̀n gíga orí wọn, kí wọ́n máa ṣá a jẹ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.