Ojú tí òṣèlú Amẹ́ríkà fi ń wo àwùjọ Fránsì àti ìjà ẹ̀tọ́ aráàlú

Ojú tí òṣèlú Amẹ́ríkà fi ń wo àwùjọ Fránsì ni àpapọ̀ èrò, ọ̀rọ̀ àti ìṣe àwọn olóṣèlú, oníwèé ìròyìn àti ẹgbẹ́ aráàlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa Fránsì, láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ ogun ní ọdún 1778. Ohun tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni àṣà àwọn ará Fránsì láti jáde sí ìgboro, kí wọ́n yanṣẹ́ lódì, kí wọ́n sì dojú kọ ìjọba láàárín ìdìbò kan sí èkejì. Ìyìn àti èébú ni Fránsì ti gbà lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rí i pé ilé ara wọn ni wọ́n sábà máa ń bá wí, nítorí ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ ti àwọn náà: agbára wo ni ó kù lọ́wọ́ aráàlú lẹ́yìn tí ó ti dìbò tán?

Láti ọdún 1778 sí 1801

Àdéhùn ọdún 1778 ni ó mú kí owó, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun Fránsì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Nígbà tí àwọn ará Paris já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1789, Thomas Jefferson tí ó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wà ní ìlú náà, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Lafayette fi kọ́kọ́rọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ránṣẹ́ sí George Washington, ó sì wà ní ilé Washington ní Mount Vernon títí di òní.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1793, wọ́n bẹ́ orí Ọba Louis Kẹrìndínlógún, ọ̀rọ̀ Fránsì sì pín àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà sí méjì. Lójú Alexander Hamilton, John Adams àti àwọn Federalist ẹgbẹ́ wọn, rúkèrúdò lásán ni Fránsì ti dì. Lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jefferson àti James Madison, ìjà òmìnira kan náà tí Amẹ́ríkà jà ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, aṣojú tuntun láti Fránsì, Edmond-Charles Genêt, gúnlẹ̀ sí Charleston, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí i gba ọmọ ogun àti ọkọ̀ fún ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí bí Washington nínú, ó sì ní kí Fránsì pè é padà. (Genêt kò padà sílé mọ́: ó bẹ̀rù ikú, ó fìdí kalẹ̀ sí New York, ó sì fẹ́ ọmọ gómìnà ibẹ̀.)

Ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ Genêt lọ ni àwọn ẹgbẹ́ tí aráàlú dá sílẹ̀ ní àsìkò náà, tí wọ́n ń pè ní Democratic-Republican Societies. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ ìwé ìfẹ̀hónúhàn, wọ́n sì ń pe ara wọn ní «aráàlú» gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Fránsì ti ń ṣe. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Pennsylvania dìtẹ̀ lórí owó orí ọtí ní ọdún 1794, Washington dá àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lẹ́bi níwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kọkànlá, ó ní àwọn ẹgbẹ́ tí ó dá ara wọn sílẹ̀ ni. Madison kò gbà. Ó sọ nínú ilé aṣòfin pé ní irú ìjọba tiwọn, àwọn ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti máa yẹ ìjọba wò, kì í ṣe ìjọba ni yóò máa yẹ àwọn ènìyàn wò. Gbólóhùn méjèèjì yìí ni gbogbo àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ń padà sí.

Ní ọdún 1798, nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà àti ti Fránsì ń bá ara wọn jà lójú òkun láìkéde ogun, Ààrẹ Adams fọwọ́ sí òfin tí ó sọ kíkọ irọ́ àti ọ̀rọ̀ ìbanijẹ́ nípa ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ó fọwọ́ sí i, àyájọ́ ọjọ́ Bastille gan-an. Òfin náà kú ní oṣù Kẹta ọdún 1801.

Ìyìn àwọn tí ó fẹ́ràn Fránsì pàápàá ní ààlà. Nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nago wà lára wọn, dìde ní ọdún 1791 tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè Haiti sílẹ̀ ní ọdún 1804, Jefferson kan náà tí ó yọ̀ mọ́ Bastille ni ó jẹ́ ààrẹ nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de òwò pẹ̀lú wọn ní ọdún 1806. Ọdún 1862 ni Amẹ́ríkà tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni Haiti.

Ẹgbẹ́, ère àti ọjọ́ òṣìṣẹ́

Ní ọdún 1831, Alexis de Tocqueville wá sí Amẹ́ríkà láti wo ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ó yà á lẹ́nu jù ni bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ohun gbogbo. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1835 àti 1840, ó sọ pé iṣẹ́ tí ìjọba máa ń ṣe ní Fránsì, ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Kò yani lẹ́nu, nítorí òfin Le Chapelier ti ọdún 1791 ti ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ léèwọ̀ ní Fránsì. Ọdún 1864 ni wọ́n tó gba ìyanṣẹ́lódì láyè níbẹ̀, ọdún 1884 fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọdún 1901 fún ẹgbẹ́ aráàlú yòókù. Àwọn tí ó ń wo Fránsì lónìí bí ilẹ̀ tí a bí ìfẹ̀hónúhàn sí kì í sábà rántí èyí.

Ère Òmìnira tí ó wà ní èbúté New York jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́ aráàlú méjèèjì. Édouard de Laboulaye, amòfin tí ó kórìíra òwò ẹrú, ni ó ronú rẹ̀. Owó tí àwọn ará Fránsì dá ni Bartholdi fi ṣe ère náà. Nígbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kò fi owó sílẹ̀ fún ìpìlẹ̀ tí ère yóò dúró lé, ìwé ìròyìn Joseph Pulitzer ké sí àwọn mẹ̀kúnnù ní ọdún 1885. Àwọn tí ó dá owó náà ju 120,000 lọ, iye tí ọ̀pọ̀ wọn mú wá kò sì tó dọ́là kan.

Láàárín àkókò yìí, ìjọba Commune tí àwọn ará Paris gbé kalẹ̀ láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ọdún 1871 da jìnnìjìnnì bo àwọn ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà yanṣẹ́ lódì ní ọdún 1877, orúkọ Commune ni àwọn ìwé ìròyìn ń pè, bí ẹni pé ebi àti owó oṣù tí a dín kù kò lè bí ènìyàn nínú láìjẹ́ pé àlejò kọ́ ọ. Síbẹ̀, láti Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tí ó tàn kálẹ̀ jù ti wá: ìjà fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ lóòjọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1886, ni àpérò àwọn òṣìṣẹ́ ní Paris ní ọdún 1889 fi yan ọjọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé. Fránsì ń ṣe ìsinmi lọ́jọ́ náà. Amẹ́ríkà yan oṣù Kẹsàn-án ní tirẹ̀ ní ọdún 1894.

Ojú àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀tọ̀ ni Fránsì tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀. Ní ọdún 1918, wọ́n fa ọmọ ogun 369th láti Harlem lé Fránsì lọ́wọ́, nítorí àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí wọ́n jà pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun. Fránsì fi àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre dá wọn lọ́lá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìwé àṣírí kan kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá ológun Fránsì pé kí wọ́n má ṣe bá àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ jẹun tàbí kí wọ́n máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí inú má baà bí àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun. W. E. B. Du Bois tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn The Crisis ní oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Aṣọ ogun Fránsì ni Josephine Baker wọ̀ nígbà tí ó sọ̀rọ̀ ní ìwọ́de Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Ṣùgbọ́n James Baldwin, tí ó kó lọ sí Paris ní ọdún 1948, rí i pé ohun tí ojú adúláwọ̀ ń rí ní New York ni ojú àwọn ará Algeria ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá Paris.

Ọ̀rọ̀ yìí padà wáyé ní ọdún 2020. Lẹ́yìn ikú George Floyd, Assa Traoré, ẹ̀gbọ́n obìnrin Adama Traoré tí ó kú lọ́wọ́ àwọn agbófinró ní ọdún 2016, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde sí ìgboro Paris. Ní oṣù Kẹwàá, Ààrẹ Emmanuel Macron ṣàròyé nípa àwọn èrò tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà sínú àríyànjiyàn Fránsì.

Ìyanṣẹ́lódì, ogun àti owó ìfẹ̀yìntì

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lónìí kò sí nínú iye ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí nǹkan bí òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́wàá ni ó wà nínú ẹgbẹ́ ní ibi méjèèjì. Inú òfin ni ó wà. Ìwé òfin Fránsì ti ọdún 1946 dárúkọ ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì, àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá sì ṣe máa ń kan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin Taft-Hartley ti ọdún 1947 dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò sì gbọdọ̀ yanṣẹ́ lódì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, Ààrẹ Ronald Reagan lé àwọn adarí ọkọ̀ òfuurufú tí ó ju 11,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Èébú tí ó gbajúmọ̀ jù wá láti inú ogun Iraq. Lẹ́yìn tí Dominique de Villepin tako ogun náà ní Ìgbìmọ̀ Ààbò ní oṣù Kejì ọdún 2003, àwọn aṣojúṣòfin Bob Ney àti Walter Jones mú kí ilé oúnjẹ àwọn aṣòfin yọ orúkọ Fránsì kúrò lára ọ̀dùnkún díndín, wọ́n sì fi «òmìnira» rọ́pò rẹ̀. Orúkọ àtijọ́ padà ní ọdún 2006. Jones fúnra rẹ̀ di ọ̀kan lára àwọn tí ó tako ogun náà.

Nígbà tí àwọn alágbádá aláwọ̀ ìyeyè, gilets jaunes, dìde lórí owó orí epo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Donald Trump sọ pé ìwọ́de náà fi hàn pé àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́ kò dára. Jean-Yves Le Drian, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Fránsì, dá a lóhùn pé kí ó fi orílẹ̀-èdè àwọn sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjọba Fránsì lo abala 49.3 ìwé òfin láti sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64 láìdìbò lé òfin náà ní ilé aṣojúṣòfin. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà ní ìgboro ju mílíọ̀nù kan lọ. Amẹ́ríkà ti sún tirẹ̀ láti 65 sí 67 nínú òfin ọdún 1983, tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì jọ fọwọ́ sí, láìsí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò.