Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Bí Orin Onídíjítà Ṣe Wọ Inú Rédíò Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ìfáárà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, kò ṣòro láti rí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yọ jáde láti ihò kásẹ́ẹ̀tì rédíò rẹ̀. Ìdí kejì wáyà náà wà lára ẹ̀rọ kékeré tí orin wà nínú rẹ̀. Rédíò náà ń kọrin, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé orin tí òun ń gbé jáde kì í ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì rárá. Wọ́n tàn án ni. Irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí ń tọpa rẹ̀. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ìtàn orin onídíjítà nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tuntun nìkan. Ó jẹ́ ti àwọn tó mú ẹ̀rọ àtijọ́ gba ohun tí wọn kò ṣe é fún pẹ̀lú.

Rédíò tó bá ọkọ̀ wá

Ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Galvin ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé rédíò ọkọ̀ tó sọ ní Motorola jáde. Ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ Philips fi kásẹ́ẹ̀tì han aráyé. Síídì tẹ̀lé e ní ọdún 1982. Síbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kò tètè kúrò nínú ọkọ̀. Lexus SC 430 ti ọdún 2010 wà lára àwọn ọkọ̀ tó kẹ́yìn tí wọ́n fi ihò kásẹ́ẹ̀tì sí láti ilé-iṣẹ́.

Ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fraunhofer ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí wọn yóò fi dín ìwọ̀n orin onídíjítà kù. Ní ọdún 1995 ni wọ́n fi MP3 ṣe orúkọ fáìlì náà. Bí wọ́n bá lo ìwọ̀n 128 kbps, orin inú síídì yóò kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá. Àwo síídì tó ń gba orin wákàtí kan àti díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá lè gba ti nǹkan bíi wákàtí 12. Àmọ́ rédíò inú ọkọ̀ kò lè ka fáìlì yìí.

Ẹni tó lówó lè yọ rédíò náà dànù. Ìyẹn rọrùn nígbà tí ihò rédíò inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, mìlímítà 180 ní ìbú àti 50 ní gíga. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ki Empeg Car sí, ẹ̀rọ MP3 tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì dé ọjà ní ọdún 1999. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ so rédíò pọ̀ mọ́ dásíbọ́ọ̀dù àti bọ́tìnnì ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan ti ba ìyókù jẹ́. Ẹ̀tàn ló wá kù.

Ọgbọ́n ẹ̀tàn mẹ́ta

Èyí tó dàgbà jù gba ihò kásẹ́ẹ̀tì wọlé. Láti àwọn ọdún 1980, nígbà tí ẹ̀rọ síídì àfọwọ́gbé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ni ohun kan ti wà tó rí bíi kásẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí kò ní téèpù nínú. Òòfà oníná kékeré kan wà níbi tí téèpù ì bá ti kan irin tí rédíò fi ń kà á. Bí agbára òòfà téèpù gidi ṣe ń yí padà ni irin náà fi ń gbọ́ orin; òòfà kékeré yìí sì ń yí padà lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Irin náà kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ìyàtọ̀. Àwọn rédíò kan ṣá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọn kò bá ti rí téèpù tó ń yí, wọn a pọ̀ ọ́ jáde.

Èkejì fara hàn bí ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀rọ kékeré kan yóò gbé orin sórí ìgbì FM, láàárín 87.5 àti 108 MHz, rédíò ọkọ̀ yóò sì gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò fàyè gba irú ẹ̀rọ yìí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2006. Ẹ̀kẹta ń dáhùn bí àpótí síídì inú búùtù: bí rédíò bá béèrè láti ojú wáyà bóyá àpótí náà wà, ẹ̀rọ náà yóò ní òun wà. BMW àti Apple gbé ọ̀nà tí wọ́n fi so iPod mọ́ rédíò ọkọ̀ jáde ní ọdún 2004, tí awakọ̀ fi lè máa darí orin láti ara ìdarí ọkọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀tàn onígbì FM ni ìlú ńlá bíi Èkó kọ́kọ́ dán wò gidi. Òfin ọdún 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún rédíò aládàáni, Ray Power 100.5 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994. Bí ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo ń dín kù. Awakọ̀ tó rí ibi tó ṣófo ní àdúgbò kan lè dé àdúgbò kejì kí ìwàásù tàbí ìpolówó ọjà bo orin rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wàhálà mìíràn bá tòkúnbọ̀ wá láti òkè òkun. Ọ̀pọ̀ rédíò àwọn ọdún 1990 ní nọ́ńbà àṣírí. Bí ríwáyà bá yọ wáyà bátìrì, rédíò náà yóò ti ara rẹ̀ pa, yóò máa béèrè nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀. Rédíò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tàn.

Ṣùgbọ́n inú ìrísí orin gan-an ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Àwọn ẹ̀rọ yìí ka orin sí ohun kúkúrú tí ènìyàn lè máa fò láti ọ̀kan sí òmíràn. Jùjú àti fújì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwo Ebenezer Obey, Sunny Adé àti Síkírù Àyìndé Barrister, ojú kan àwo máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dá dúró: ìkíni, oríkì, ìlù àti ìmọ̀ràn wọnú ara wọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fáìlì, gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì láti fò síwájú bọ́ sínú orin mìíràn pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ máa ń dúró síbi tí wọ́n pa á dé. Awakọ̀ tó pa á ní Ṣágámù lè bá gbólóhùn kan náà lọ nígbà tó bá tàn án padà. Àwọn tó ń ta àwo MP3 ní gáréèjì ń da odidi iṣẹ́ olórin kan sórí àwo kan láìgba àṣẹ, owó náà kì í sì í dé ọwọ́ olórin. Orúkọ onílù àti ọdún tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, tó wà lára páálí àwo, kò sábà bá fáìlì lọ.

Gbogbo ọgbọ́n tí àpilẹ̀kọ yìí tò sílẹ̀, inú rédíò ni wọ́n ń kó orin lọ. Kò sí èyí tó ń kó orin jáde láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Bluetooth àti fúláàṣì ti gba ipò wọn nínú ọkọ̀ tuntun. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì òde àríyá àti ti ewì tí kò sí ẹni tó tẹ̀ wọ́n sórí àwo rí wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́, níbi tí rédíò tó lè kà wọ́n ṣì wà nínú dásíbọ́ọ̀dù.