Tom Harmon, Eléré Ìdárayá Tí Ó Di Awakọ̀ Òfuurufú Ogun

Ní Yunifásítì Michigan ni Tom Harmon, akọni ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́ nínú eré bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, tí í gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà la àárín alátakò kọjá, ti gba òkìkí. Lọ́jọ́ tí ó pé ẹni ọdún 21 ní 1940, òǹwòran kan tilẹ̀ fò wọ pápá ní Berkeley láti dì í mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọdún náà ni wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Heisman, ti agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó ta yọ jù lọ, dá a lọ́lá.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó di awakọ̀ òfuurufú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1943, ọkọ̀ rẹ̀ já sínú igbó kìjikìji Gúúsù Amẹ́ríkà, òun nìkan ni ó sì yè. Ní oṣù kẹwàá, àwọn ará Japan tún yìnbọn já ọkọ̀ P-38 rẹ̀ lulẹ̀ ní Ṣáínà. Páráṣúùtì ni ó fi bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi délé. Orí ẹni ni àwúre ẹni.

Ṣẹ́dà páráṣúùtì yẹn ni wọ́n fi rán aṣọ ìgbéyàwó Elyse Knox, òṣèré sinimá tí ó fẹ́ ní 1944. Ní tèmi, aṣọ ìyàwó tí ó níyì ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Harmon sì wà láyé títí di 1990.