Bọ́ọ̀lù Abẹ́ Máòsì

Èékánná àtàǹpàkò mi ni mo fi ṣiṣẹ́ jù ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan n'Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 2003. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi rọ́bà bò ló wà lábẹ́ máòsì ìgbà yẹn. Bí ọmọ bá ti ń fà á kiri, bọ́ọ̀lù á máa yí ọ̀pá tín-ín-rín méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan fún òkè àti ilẹ̀, èkejì fún ọ̀tún àti òsì. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú òróró ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ gúgúrú tán á wé mọ́ ọ̀pá náà bí ìgbànú dúdú. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà á wá máa lọ sókè, kò ní yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Màá yí ìdérí, bọ́ọ̀lù á bọ́ sí mi lọ́wọ́, màá fi èékánná họ ìgbànú náà dànù.

Ìyẹn bí wọn ò bá tíì jí bọ́ọ̀lù ọ̀hún lọ gbá ní kọ́rídọ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo fi ń lẹ ìdérí pa nígbẹ̀yìn.

Igi ni ẹnjiníà Bill English fi kan máòsì àkọ́kọ́ lọ́dún 1964 fún Douglas Engelbart, ẹni tó pilẹ̀ èrò rẹ̀. Kò ní bọ́ọ̀lù, táyà méjì ló ń yí lórí tábìlì. Ó wù mí kí n mọ ẹni tó ń họ ìdọ̀tí tiwọn.

Ti kíbọ́ọ̀dù le jù. Ihò róbótó tí IBM gbé jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà PS/2 lọ́dún 1987 la ṣì ń lò nígbà náà. Wọ́n ti kun ti kíbọ́ọ̀dù ní àwọ̀ àlùkò, ti máòsì ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ta ló ń rí àwọ̀ lábẹ́ tábìlì tó ṣókùnkùn? Bí ẹsẹ̀ ọmọ kan bá fa wáyà yọ, o lè kì í padà títí, kò ní jí àfi kí o pa kọ̀ǹpútà kí o tún un tàn.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kò dáhùn mọ́." Bọ́tìnnì Num Lock ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, ẹ̀mí ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ máòsì nìkan ni. Bí kò bá mira, ó di kí n wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ mẹ́fà ẹnu wáyà ló ti wọ́. Imú báírò ni mo fi ń nà án.

Máòsì oníná pupa, tí kò ní bọ́ọ̀lù, ló gba èékánná mi sílẹ̀. Nígbà tó di 2017, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, ní bọ́tìnnì mẹ́jọ péré tó ọmọ láti fi ṣèdánwò láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S fún ìparí, R láti padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń fi yàrá wa dánra wò ti máòsì sẹ́yìn mọ́nítọ̀, wọ́n gbájú mọ́ N. Kò pẹ́ tí lẹ́tà náà fi pa rẹ́ lójú kíbọ́ọ̀dù, ni bọ́tìnnì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há.