Iye Tí Orí Ọmọ Kan Ń Mú Wọlé

Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó kàwé láyé òyìnbó, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí: “Èmi tí ẹ ń wò yìí, Standard Six ni mo kà o.” Àwọn mìíràn á ní Ìwé Mẹ́fà. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó gba dìgírì méjì, wọ́n á sì fi lé e pé Ìwé Mẹ́fà ayé ìgbà yẹn ju yunifásítì tiwa lọ. Mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi: kí ló dé tí wọ́n fi ń pe kíláàsì ní “standard”? Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Kí ni wọ́n wá ń wọ̀n?

Owó ni wọ́n ń wọ̀n. Inú ìwé ìnáwó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ kíláàsì àwọn bàbá wa ti wá, inú òfin kan tí wọ́n gbé jáde ní 1862, tí wọ́n pè ní Revised Code. Òfin náà dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ìjọba ayé ṣì ń bi ara wọn títí dòní: èló ló yẹ kí á ná lórí ọmọ kan, báwo la sì ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn mẹ̀kúnnù ní 1833, 20,000 pọ́n-ùn péré ni wọ́n yọ sílẹ̀. Àwọn ìjọ ló ni ilé-ìwé, ìjọba kàn ń tì wọ́n lẹ́yìn ni. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, owó náà ti lé ní 800,000 pọ́n-ùn lọ́dún, àwọn olówó-orí sì ti ń kùn. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1858, tí Duke of Newcastle ṣe alága rẹ̀, wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kúrò nílé-ìwé láì lè kàwé dáadáa, pé àwọn ọmọ ńlá tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni àwọn tíṣà ń gbájú mọ́.

Robert Lowe, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe ẹni tí í fowó ìjọba ṣeré. Àlàyé tó ṣe nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí ètò tuntun yìí bá náni lówó, á jẹ́ pé àwọn ọmọ ń mọ̀wé nìyẹn, bí wọn ò bá sì mọ̀wé, owó tí ìjọba máa san ò ní pọ̀. Bó bá ṣe wù kó já sí, ìjọba ò pàdánù.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà lè mú ṣílè 12 wọlé fún ilé-ìwé rẹ̀ lọ́dún. Ṣílè mẹ́rin wà fún wíwá sí kíláàsì. Ṣílè mẹ́jọ tó kù wà fún ìdánwò mẹ́ta: ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn, ṣílè méjì àti pẹ́nì mẹ́jọ. Kí ó tó lè jókòó fún ìdánwò rárá, ó gbọ́dọ̀ ti wá sí ilé-ìwé ju ìgbà 200 lọ láàrin ọdún náà (àárọ̀ jẹ́ ìgbà kan, ọ̀sán jẹ́ ìgbà kan). Òṣùwọ̀n mẹ́fà ni wọ́n ń fi dán wọn wò, láti Standard I dé Standard VI, ọmọ kò sì gbọdọ̀ ṣe ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ní iye tiwọn, ṣílè mẹ́fà àti sísì kan, bí alábẹ̀wò bá ti fọwọ́ sí i pé wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa.

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni mo fi ń jẹun, mi ò sì ní purọ́, òfin yìí dùn ún wò. Ó mọ́, ó ṣe ṣókí, kò lọ́jú pọ̀. Èèyàn lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ńṣọ̀n kan tí kò ní ju ìlà mẹ́wàá lọ: ọmọ wọlé, owó jáde. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń fi iye tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn parí lọ́sẹ̀ wọn òṣìṣẹ́ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí ọ̀gá bá ń kà ni òṣìṣẹ́ máa ń kó jọ.

Àwọn tíṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ò gọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó-oṣù wọn wà nínú ohun tí àwọn ọmọ bá mú wọlé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí àwọn ọmọ há ìwé kíkà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn alábẹ̀wò ròyìn ọmọ tí ìwé dojú dé lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń “kà á” lọ geere. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, wọ́n á gbé e wá lọ́jọ́ ìdánwò, torí ṣílè mẹ́jọ ló dùbúlẹ̀ sílé yẹn. Ìtàn àti jọ́gíráfì ṣàdédé di àwátì nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, nítorí wọn kò mú kọ́bọ̀ wọlé, àfi ìgbà tí ìjọba wá fi owó díẹ̀ sí wọn ní 1867. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an kò sì sàn fún wọn ju ọmọ tó kàn gbìyànjú yege lọ. Ṣílè 12 náà ni.

Matthew Arnold, akéwì tó tún ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé láti 1851 dé 1886, kọ̀wé tako òfin yìí láti ọdún tó jáde gan-an. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé ó ń sọ ẹ̀kọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lowe kò wo ibẹ̀ yẹn. Ohun tí òun ń wò ni pé nígbà tó fi máa di 1865, owó tí ìjọba ń ná ti já wálẹ̀ sí bíi 637,000 pọ́n-ùn. Lójú ẹni tó di àpò mú, ètò ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló gbà kí wọ́n tó pa á tì.

Kí wọ́n tó pa á tì nílé wọn ni wọ́n kó o wá sí Èkó.

Èkó ti di ti òyìnbó ní 1861. Ní 1872, gbogbo owó tí ìjọba ibẹ̀ yọ fún ẹ̀kọ́ kò ju 30 pọ́n-ùn lọ, mẹ́wàá mẹ́wàá fún míṣọ́n mẹ́ta: CMS, Wẹ́sílì àti Kátólíìkì. Láti 1877, wọ́n gbé e dé 200 pọ́n-ùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹ kíyè sí i o: orí míṣọ́n ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí ọmọ. Míṣọ́n tó ní ọmọ púpọ̀ àti èyí tó ní díẹ̀, ọgọ́rùn-ún méjì náà ni. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní 1882, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ Gold Coast, òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jáde. Ìrísí ti Lowe ló gbé wọ̀: apá kan owó dá lórí iye ọmọ tó ń wá, apá kan dá lórí bí wọ́n bá ṣe ṣe nínú ìdánwò. Òyìnbó kan ṣoṣo, Metcalfe Sunter tó ti ṣe ọ̀gá ní Fourah Bay, ni wọ́n fi ṣe alábẹ̀wò fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnì kan! Lẹ́yìn tí Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast ní 1886, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ fún un ní 1887, àmọ́ ọ̀nà ìsanwó náà ò yí padà púpọ̀. Ní 1889 ni Henry Carr, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1863, ẹni tó kàwé gboyè nínú ìṣirò ní Fourah Bay, di igbákejì alábẹ̀wò. Mo sábà máa ń ronú nípa rẹ̀: ọmọ ìmọ̀ ìṣirò, tí wọ́n rán lọ ka àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí kì í ṣe òun ló gbẹ́ ẹ.

Kí ni òṣùwọ̀n náà kò kà? Èdè Yorùbá, lákọ̀ọ́kọ́. Kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin 1882 fowó sí. Ẹ sì rántí pé Yorùbá kì í ṣe èdè tí kò ní ìwé nígbà yẹn. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843. Ìwé ìròyìn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859. Àmọ́ ọmọ tó lè ka Yorùbá geere kò mú owó kankan wọlé nítorí ìyẹn. Kò sí òfin tó ní kí tíṣà má kọ́ ọ. Wọn kò sanwó fún un ni, ìyẹn nìkan ti tó. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń bi mí ìdí tí àwọn òbí wa fi ka Yorùbá sí èdè ilé ìdáná, òwò ṣílè àti pẹ́nì yìí wà lára ohun tí mo máa ń tọ́ka sí.

Àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ míṣọ́n ni ilé-ìwé tí ń gba owó ìrànwọ́ wà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn lọ kàwé kó sì bọ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun. Torí náà, iye ọmọ yòówù kí wọ́n ní, òfo ni lójú ìwé ìṣirò ìjọba. Ọdún 1896 ni ìjọba tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí l'Ékòó, Henry Carr sì wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Lugard ló tú òṣùwọ̀n yẹn ká. Lábẹ́ òfin rẹ̀ ti 1916, ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ wá di 40 nínú ọgọ́rùn-ún péré. 30 lọ sí ìwà àti ètò ilé-ìwé, 20 sí àwọn tíṣà, 10 sí ilé àti ìmọ́tótó. Lugard kò sí nínú àwọn tí mo máa ń yìn, àmọ́ èyí sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ “standard” nìkan ló kù, tó lẹ̀ mọ́ kíláàsì bíi ìlẹ̀mọ́ iye owó tí wọn ò yọ kúrò lára aṣọ.

Nígbà tó yá, òṣùwọ̀n mìíràn dé. Ní oṣù keje 1952, S. O. Awokoya gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Ibi tí owó máa ti wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ṣílè mẹ́wàá àti sísì kan ni wọ́n bù lé orí ẹni tó ń san owó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn èèyàn bínú sí i gan-an, ó sì wà lára ohun tó mú kí NCNC na Action Group nínú ìbò àpapọ̀ 1954 lórí ilẹ̀ wọn gan-an. Síbẹ̀ wọn ò fà sẹ́yìn. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ bíi 457,000 ní 1954 di ohun tó lé ní 811,000 ní 1955. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ lóòótọ́. Àìtó tíṣà tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ wá di wàhálà, débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ ní ìparí 1960 láti wádìí ìdí tí ẹ̀kọ́ fi ń rẹlẹ̀. Iye orí ni wọ́n kà, iye orí ni wọ́n sì rí. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n Lowe àti ti Awokoya, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọmọ tó wà ní kíláàsì tí tíṣà ò tó, ó ṣì wà ní kíláàsì. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n gé ọdún mẹ́jọ kù sí mẹ́fà, tí Standard di Primary. Nítorí náà àgbà tó ń fi Ìwé Mẹ́fà yangàn kò parọ́ tán. Ọdún méjì ló fi ju Primary Six lọ.

Ní báyìí ńkọ́? Lábẹ́ òfin UBE ti 2004, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí bílíọ̀nù bílíọ̀nù fi máa ń wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbà. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Dọ́gbadọ́gba. Kánò tí ọmọ rẹ̀ kún bí omi òkun, Bàyélsà tí tirẹ̀ mọ níwọ̀n, iye kan náà. Orí ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọgọ́rùn-ún méjì-méjì ti 1877 ló tún padà wọlé yẹn, tó wọ agbádá. Ẹ bá mi fi iye ọmọ pín owó ìpínlẹ̀ tiyín kí ẹ wò ó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Láti 2011, ọmọ tálákà ló ń mú owó lé e wọlé fún ilé-ìwé níbẹ̀: ẹni tó bá ti lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ nígbà kankan láàrin ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, owó àfikún wà lórí rẹ̀. Ọmọ tí Lowe ì bá yọ ṣílè lórí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nínú ètò ìpínwó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àfikún mìíràn wà fún ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, láàrin ọdún mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ lò nínú ilé-ìwé wọn. Torí náà, bí tọkọtaya kan bá kó ọmọ wọn kúrò n'Íbàdàn lọ sí Peckham lọ́dún yìí, Yorùbá tí ọmọ náà ń sọ nílé, èyí tí òfin 1882 ò ka sí kọ́bọ̀, máa mú pọ́n-ùn wọlé fún ilé-ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni owó náà wà fún kí wọ́n fi kọ́ ọ.